Ohùn Ọkọ̀ Nínú Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ayé yín ṣe, ẹ kú ìwádìí. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí di ọjọ́ tí mo gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. Ọkọ̀ ni mo ń kàn. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú títì o, ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí àwọn apẹja ń wọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa àwọn kan nínú yín. Ará Ìbàdàn, ọmọ abà ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí kò sí òkun tí kò sí ọ̀sà, kí ló gbé e dé ìdí ọkọ̀ omi? Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, oko la ní, a ò ní omi. Kòkó ni bàbá bàbá mi gbìn sí àfonífojì odò. Ilé wa wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà níbẹ̀, ibojì àwọn èèyàn wa náà wà níbẹ̀. Ìjọba wá ní àwọn máa dí odò náà kí ará ìgboro lè rí omi mu, kí àwa kó lọ sórí òkè. A kó. Omi dé díẹ̀díẹ̀, kò pariwo. Ó bo oko, ó bo ilé, ó gun igi kòkó, ó gun ìrókò. Nígbà tí yóò fi dúró, orí àwọn igi gíga nìkan la ń rí, wọ́n sì gbẹ síbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì wà ní ìdúró nísàlẹ̀ adágún náà. Bí ọkọ̀ bá kọjá lórí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, wàá gbọ́ tí ẹ̀ka ń ha ìdí ọkọ̀ bí èékánná lára ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Bàbá mi ò wo omi náà títí ó fi kú. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á kọjú sí òdìkejì. Èmi ni mo wò ó. Ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn apẹja sì wá láti ọ̀nà jíjìn, Ìlàjẹ wà nínú wọn, Tápà wà nínú wọn. Bàbá kan dé tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìlàjẹ. Kì í pẹja ní tirẹ̀, ọkọ̀ ló ń kàn fún àwọn tó ń pẹja. Ìyá mi mú mi lọ bá a. Ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn, n ò ní fi gba àkókò yín. Ó gbà mí, mo dúró.

Bàbá Ìlàjẹ le. Ẹ má rò pé ó ń na èèyàn o, kò nà mí rí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á tú iṣẹ́ tí o ṣe. O lè fi gbogbo ọ̀sán kan pákó mọ́ra. Á dé, á fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, á mú hámà, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Lẹ́yìn náà á lọ jẹun. Kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀, ìwọ lo máa wá a. Mo sunkún lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú lọ. Nígbà tí mo fi bi í pé kí ló dé tí kò kúkú máa sọ fún mi, ó ní, "Omi náà ò ní sọ fún ọ."

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fara dà á. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi imú mọ pákó tí kò tíì gbẹ. Mo kọ́ bí a ṣe ń lọ́ òwú, tí a óò rì í sínú ọ̀dà gbígbóná, tí a óò fi tẹ ojú pákó títí kò fi ní sí ibi tí irun orí máa gbà kọjá. Àmọ́ ohun tó kọ́ mi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí ni bí a ṣe ń palẹ̀ ọkọ̀ tuntun mọ́ fún ẹni tó ni ín, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ayé òde òní wà.

Ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ mu omi yó kí a tó fi ohunkóhun sínú rẹ̀. A óò tì í sétí bèbè, a óò rọ omi kún inú rẹ̀, a óò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí pákó wú, kó fún ara rẹ̀ pọ̀. Ibi tó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ìyẹn, a óò fi èédú sàmì sí i. Ìgbà yẹn la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ìjókòó máa wà, ibi tí àwọ̀n máa wà, ibi tí igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi máa so mọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá á ní kó jókòó sínú ọkọ̀, kó dijú, kó na ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé la máa so igbá sí. Bí apá rẹ̀ gùn, bó kúrú, bó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, gbogbo rẹ̀ la ń wò. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè wá, Bàbá ò ní parí ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan rán ọmọ rẹ̀ wá kó wá jókòó dípò òun. Bàbá ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ náà ló ni ọkọ̀.

Ohùn ló kẹ́yìn. Pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ tí a kì í kun ọ̀dà sí. A óò fá a tẹ́ẹ́rẹ́, a óò kan orí àti ìdí rẹ̀ nìkan mọ́ ọkọ̀, kí àárín rẹ̀ lè dún bí wọ́n bá fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ kàn án. Kò sí ọkọ̀ méjì tí ohùn wọn jọra. Bí a bá ti kàn án tán, ìyàwó ẹni tó ni ọkọ̀ á wá, tàbí ìyá rẹ̀ bí kò bá tíì níyàwó. Á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á kọ̀yìn sí wa. A óò máa fi àjẹ̀ kan ọkọ̀ náà, òun á máa gbọ́. Lẹ́yìn náà a óò kan tẹlòmíràn mọ́ ọn, a óò pa wọ́n pọ̀, obìnrin náà á sì máa dá tirẹ̀ mọ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ tí kò bá ṣì í mọ́ ni ọkọ̀ tó wọ omi.

Ìdí rẹ̀ ni ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá mú, tí kùrukùru bo adágún láàárọ̀, o ò ní rí imú ọkọ̀ tí o wà nínú rẹ̀. Apẹja á fi àjẹ̀ kan ọkọ̀ rẹ̀. Obìnrin rẹ̀ tó wà létí omi á gbọ́, á fi ọmọ odó lu ẹ̀gbẹ́ odó, ọkùnrin náà á tẹ̀ lé ìró yẹn wálé. Kò sí pé wọ́n ń pe orúkọ ara wọn. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ èèyàn lórí omi yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, èmi àti Bàbá ń gbé ọkọ̀ tuntun lọ fún ẹnìkan ní òdìkejì. Kùrukùru ká wa mọ́ àárín omi. A dúró. Mo wá gbọ́ tí ẹnìkan ń kan ọkọ̀ níwájú wa, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀. Mo gbé àjẹ̀ sókè kí n dá a lóhùn. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Má dá a lóhùn."

"Bàbá, ẹnìkan ló sọnù o."

"Mo mọ ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo kàn án. Ẹni tó ni ín kú sínú omi yìí, èmi náà ni mo sì sun ọkọ̀ náà."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣeré. Ìró náà sún mọ́ wa. Ó gba iwájú wa kọjá, ó kọrí sí ọ̀nà ibi tí abà wa àtijọ́ wà. Omi ò mì. Ọkọ̀ wa ò mì. Ọwọ́ Bàbá tutù lára ọwọ́ mi, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ohùn ọkọ̀ tí o mọ̀ pé kò sí mọ́, má dá a lóhùn." Mo bi í pé bí èèyàn bá wá dá a lóhùn ńkọ́. Ó bu omi, ó ń ṣan ọwọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bàbá Ìlàjẹ kú, wọ́n gbé e lọ sí ìlú rẹ̀. Mo jogún àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo pa àtíbàbà tèmi sétí omi. Láyé ìgbà yẹn, ayùn ọlọ́wọ́ la fi ń la pákó. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tí ń la pákó dé, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ di iṣẹ́ àárọ̀. Ìṣó onídẹ tí a ń fi hámà kàn lọ, ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé dé, dírìlì oníbátìrì dé pẹ̀lú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù kan dé nínú rọ́bà tí wọ́n ní ó dára ju òwú àti ọ̀dà lọ. Mo gbìyànjú gbogbo rẹ̀ wò. Dírìlì dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Gọ́ọ̀mù náà kò burú, bí o bá fi òwú sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé n kì í ṣe arúgbó tó ń bú gbogbo ohun tó bá ti Èkó dé.

Lẹ́yìn náà ni pákéèjì wá dé. Àwọn kan ń tà á lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà ni, funfun báláú, gbogbo nǹkan ti wà nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀, àwọ̀n, okùn, láífújákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ìjókòó aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀. O sanwó, wọ́n gbé e wá fún ọ, o wọ omi lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá, ta ló tún fẹ́ dúró de pákó kó mu omi?"

Ọ̀rọ̀ ṣunnukun, ojú ṣunnukun la fi ń wò ó. Ọkọ̀ fáíbà kì í jẹrà. Ikán ò lè jẹ ẹ́. Ó fúyẹ́. Àmọ́ ta ni wọ́n ṣe é fún? Wọ́n ṣe é fún ẹni tí wọn ò rí rí, fún omi tí wọn ò dé rí. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gùn wọ inú omi lọ, torí ọ̀sà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni wọ́n rò pé o fẹ́ lọ. Tiwa, igbó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí ẹ bá fẹ́ ra pákéèjì, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ tú u kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé pákó tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé nídìí ọkọ̀ sókè, kí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi má fi jìn jù. Ẹ fi irin bò ó níwájú. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ dijú, ẹ na ọwọ́ yín. Ẹ tú láífújákẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọ̀rá. Ẹ wá pákó kan dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí fáíbà ò lóhùn. Bí o bá kàn án, ó dún bí kẹ́ẹ̀gì, gbogbo wọn ló sì dún bákan náà. Iṣẹ́ tí mo ṣe jù ní ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi nìyẹn, títún pákéèjì ṣe fún ẹni tó bá gbọ́ràn.

Múkáílà ò gbọ́ràn. Òun ló fẹ́ Sìdíkátù, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù sáyé. Ọkùnrin dáadáa ni, kì í bínú, ó mọ ẹja í pa. Èmi ni mo kan ọkọ̀ onípákó tó ń lò. Ohùn ọkọ̀ náà dára, ó mọ́, ó sì máa ń fà díẹ̀ lẹ́yìn kó tó kú. Ní ọjọ́ tí Sìdíkátù kọ́kọ́ gbọ́ ọ lábẹ́ máńgòrò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á dá a mọ̀ lójú oorun. Ọkọ̀ náà gbó, Múkáílà sì lọ ra pákéèjì.

Mo ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ tú u."

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ti fi dírìlì kàn án, kò sí gárántì mọ́."

"Gárántì wo? Ṣé gárántì ló máa wà nínú omi pẹ̀lú ẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kí gárántì tán ná. Bó bá ti tán, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe, mo ṣèlérí."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀. Sìdíkátù la ọkọ̀ àtijọ́ náà sí igi, ó fi ń yan ẹja. Mo lọ kí wọn ní ọjọ́ kan, mo rí pákó ohùn yẹn gan-an nínú ààrò, iná ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká ṣe ọkọ̀ tó gbó. Mo dúró títí ó fi jóná tán.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le, omi sì fà gan-an. Múkáílà jáde lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Nígbà tí oòrùn yọ, kùrukùru ti bo ohun gbogbo, Sìdíkátù sì dé àtíbàbà mi, ìborùn rẹ̀ ti tú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbúròó ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ti dé."

A sáré lọ sétí omi. Odó rẹ̀ wà níbẹ̀ níbi tó máa ń wà. A dákẹ́, a ń fetí sílẹ̀. Láti apá kan a gbọ́ ìró kan tó rẹlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń lu kẹ́ẹ̀gì. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún láti ibòmíràn. Ta ló fẹ́ mọ ti ta ni? Sìdíkátù ń yí orí kiri, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ ibi tí òun á kọjú sí. Ìró kẹ́ẹ̀gì náà wá dákẹ́ pátápátá.

Ibi tí abà wa àtijọ́ wà ni òmíràn ti wá dún. Ó mọ́. Ó fà díẹ̀ lẹ́yìn kó tó kú.

Sìdíkátù ti di ọmọ odó mú. Mo ní, "Sìdí, má lù ú!"

"Ọkọ̀ Múkáílà nìyẹn."

"Ìwọ fúnra ẹ lo sun ún! Mo wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀ pé mo sun ún. Mo ní ohùn ẹ̀ nìyẹn."

Mo sọ fún un ohun tí Bàbá Ìlàjẹ wí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ohun tó ń pè wá yẹn kì í ṣe ẹ̀dá alààyè. Ó wò mí bíi pé n ò lọ́pọlọ. Ó ní, "Bí ẹ bá mọ ibòmíràn tí mo lè pe ọkọ mi sí, ẹ fi hàn mí." Ó lu odó náà. Ọkọ̀ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kíákíá, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo ti dàgbà, mo ti rí ikú, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù àárọ̀ yẹn kò bà mí rí. Síbẹ̀ mo wọ ọkọ̀ mi. Mo ń tu ú lọ síbi ìró náà. Bí mo bá yára, á yára. Bí mo bá dúró, á dúró dè mí. Ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí ọkọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé mo ti dé orí abà wa, orí ilé tí wọ́n bí mi sí. Òórùn kan wá gba afẹ́fẹ́ kan lórí omi, níbi tí kò sí iná, tí kò sí èèyàn. Òórùn èéfín ààrò ẹja ni. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo ń da ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan mọ́ òpin òmíràn.

Mo kọ́kọ́ rí imú ọkọ̀ fáíbà tó nà sókè, ìdí rẹ̀ ti rì. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì gígùn yẹn ti há sí àárín ẹ̀ka igi ìrókò tó wà lábẹ́ omi, ó sì ti fa ìdí ọkọ̀ ya. Láífújákẹ́ẹ̀tì ń léfòó nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí Múkáílà. Ó rọ̀ mọ́ orí igi gbígbẹ kan, omi mu ún dé àyà, ètè rẹ̀ ti funfun. Ojú rẹ̀ ò wò mí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń wò.

Ó ní, "Bọ̀dá, ta ló wà nínú ọkọ̀ mi?"

Mo yíjú. Kùrukùru nìkan ló wà níbẹ̀. Ìró náà ti dákẹ́.

Mo fà á wọ inú ọkọ̀ mi, ó ń gbọ̀n, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Ó ní ọkọ̀ òun àtijọ́ ti ń yí òun ká látàárọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òun bá fẹ́ jù igi sílẹ̀, á kàn, òun á tún di igi mú. Ó ní òun rò pé èmi ni mo wá gbé òun. Mo ní kó dákẹ́. Ọmọ odó Sìdíkátù ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, òun ni mo tẹ̀ lé wálé. Nígbà tí ó rí ọkọ rẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, mi ò tijú rẹ̀.

Àwọn tó ta pákéèjì sọ pé omi wa kọ́ ni àwọn ṣe é fún. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tí mo ti ń wí bọ̀ nìyẹn. Múkáílà ò padà sórí omi mọ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn lórí òkè báyìí, wọ́n ń fi gàrí ránṣẹ́ sí ọjà Olódò. Mo ní kí n kan ọkọ̀ onípákó tuntun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti wọ ọkọ̀ tó. Kò pẹ́ tí ọwọ́ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lára dírìlì. Mo kó irinṣẹ́ fún àwọn tí mo kọ́, mo fẹ̀yìn tì.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, màá ní kí ẹ kọ́ ọ. Omi ò ní tán, ẹja ò sì ní tán. Ẹ kan tiyín fúnra yín bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ra ti ọlọ́jà, kí ẹ sì tún un ṣe títí á fi mọ̀ yín. Iṣẹ́ náà á bọ́ yín, á sì pọ́n yín lé. N kò ní purọ́ fún yín ṣá o, àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀gá kankan ò lè kọ́ yín tán.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo wà nílé Sìdíkátù àti ọkọ rẹ̀ láàárọ̀. Èmi àti Múkáílà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, kùrukùru bo adágún nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó wá dún. Ó mọ́, ó fà díẹ̀ lẹ́yìn. Múkáílà gbé ife sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Sìdíkátù jáde láti inú ilé, ó ń so ìborùn rẹ̀, ó mú ọmọ odó. Mo rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo ní, "Sìdí, ọkọ ẹ rèé níwájú ẹ. Ta lo fẹ́ lọ dá lóhùn?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni yòówù kó jẹ́, ó bá mi wá Múkáílà rí. Mi ò lè gbọ́ ọ kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó sì lu odó náà. Èmi àti Múkáílà jókòó, a ń gbọ́ ọkọ̀ náà bó ṣe ń sún mọ́ bèbè.